Ta ni fíìmù ìjà yìí ń bá sọ̀rọ̀ ní Kétu?

Ìbéèrè tó wọlé láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Kétu ni mí, yunifásítì Calavi ni mo wà. Mo fẹ́ kọ mémoire mi, ìwé ìwádìí àṣekágbá, lórí The Woman King, fíìmù àwọn obìnrin ajagun Ìdàhọ̀mì, ìjọba àtijọ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: ìtàn inú rẹ̀, àwọn tó wò ó, àti bí wọ́n ṣe gbà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ní fíìmù ìjà lásán ni, pé ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ̀ jù. Nígbà tí a wò ó nílé, àbúrò mi ọkùnrin ń pàtẹ́wọ́, àmọ́ ìyá àgbà dìde láàárín fíìmù, wọ́n wọ yàrá wọn lọ, wọn ò sì jáde mọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò mi, ibẹ̀ yẹn gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àbúrò rẹ tó ń pàtẹ́wọ́ àti ìyá àgbà tó dìde. Fíìmù kan náà ni wọ́n ń wò, inú ilé kan náà ni wọ́n jókòó sí, ẹbí kan náà sì ni wọ́n. Ohun tó mú kí ọ̀kan máa yọ̀, tí èkejì sì kúrò níbẹ̀, òun ni iṣẹ́ rẹ. Tí o bá lè ṣàlàyé rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, mémoire rẹ ti dúró.

Níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ ti ní ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù, òótọ́ ló sọ. Níbi tó ti ní fíìmù ìjà lásán ni, mi ò bá a lọ. Nínú eré ìfẹ́ tàbí eré inú ẹbí, èèyàn lè wo ìdajì láìtíì mọ ẹni tí òun wà lẹ́yìn rẹ̀. Fíìmù ìjà kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí òǹwòran kò bá tètè mọ ẹni tí yóò máa bẹ Ọlọ́run fún, idà àti ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ lójú rẹ̀. Nítorí náà, kó tó pẹ́ rárá, fíìmù ìjà ti tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ kan pápá, ó sì ti ní kí o wá jókòó síbẹ̀. Títẹ́ ẹní yẹn ni ìtàn. Òǹwòran ni ẹni tó jókòó, tàbí tó kọ̀ tí kò jókòó, tàbí tó fi ìdí lé etí ẹní. Ohun tí wọ́n wá sọ àti ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn náà, owó tí wọ́n san, ìwé tí wọ́n kọ, àríyànjiyàn tí wọ́n bá ara wọn ṣe, ìyẹn ni bí wọ́n ṣe gbà á. Ọ̀pọ̀ mémoire tí mo ti kà lórí fíìmù ló ní orí mẹ́ta tí kì í kí ara wọn: orí kan lórí ìtàn, orí kan lórí òǹwòran, orí kan lórí ohun tí ìwé ìròyìn sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ó gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá ní tìrẹ: ibo ni fíìmù yìí ní kí ọmọ Kétu jókòó sí, ibo ni ó sì jókòó sí ní tòótọ́?

Wo bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹní náà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa: ọdún 1823 ni, Ghezo ṣẹ̀ṣẹ̀ jọba ni, Ọ̀yọ́ àti àwọn Màhí sì ń kó ará Ìdàhọ̀mì tà. Lẹ́yìn èyí, a bá ara wa ní òru, létí abúlé kan. Àwọn ọkùnrin jókòó yí iná ká. Koríko ga níwájú wọn. Nanisca, ọ̀gágun tí Viola Davis ṣe, yọ láti inú koríko, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin yòókù ń dìde tẹ̀lé e. Ìjà bẹ́. Nígbà tó fi máa parí, a ti rí i pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n wá tú sílẹ̀. A ò tíì mọ orúkọ ẹnikẹ́ni dáadáa, àmọ́ a ti mọ̀ pé àwọn obìnrin yìí ń tú èèyàn sílẹ̀ ni. Gbogbo ohun tó kù nínú fíìmù náà, orí ìpìlẹ̀ yẹn ló dúró lé: Nawi, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ fà lé ààfin lọ́wọ́ nítorí pé kò gbà fún ọkọ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ogun, ọgbẹ́ àtijọ́ tí Nanisca ń gbé kiri, tó jẹ́ pé Oba Ade, olórí ogun Ọ̀yọ́, ló dá a sí i lára, àti ìjà ìkẹyìn ní èbúté Wídà, níbi tí wọ́n ti tú àwọn ẹrú sílẹ̀ tí Oba Ade sì kú. Gbogbo ohun tí fíìmù ìjà nílò ló wà níbẹ̀, wọ́n sì tò ó dáadáa. Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má fi ìbínú kọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni Gina Prince-Bythewood tó darí rẹ̀ ṣe, òǹkàwé rẹ sì ní láti mọ̀ pé ìwọ náà rí i.

Ọdún tí wọ́n yàn ni kí o wá fi ojú sí. Mo fẹ́ kí o dúró níbẹ̀ pẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé yín.

Ìjọba Ìdàhọ̀mì ja ogun púpọ̀. Ní 1851, ogun Ghezo gun Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ajagun wà níwájú, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ní 1864, Glele ọmọ rẹ̀ tún lọ, wọ́n tún ṣẹ́gun wọn. Ní 1886, Glele kan náà fọ́ Kétu, ó sì kó àwọn èèyàn lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú Ìdàhọ̀mì. Láti 1890 sí 1892, àwọn Faransé ló bá wọn jà, àwọn Faransé sì borí. Fi ara rẹ sí ipò ẹni tó fẹ́ fi mílíọ̀nù 50 dọ́là ṣe fíìmù ìjà. Tó bá mú 1851, akọni rẹ̀ ló ń gun ìlú onílùú, ó sì fìdí rẹmi. Tó bá mú 1886, akọni rẹ̀ ló ń jó Kétu níná. Tó bá mú 1892, akọni rẹ̀ ń dáàbò bo ilé rẹ̀, àmọ́ ó kú síbẹ̀. Nǹkan bí 1823 nìkan ni Ìdàhọ̀mì jẹ́ ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, tó sì tún borí. Ẹni tó ń rẹ́ ẹ jẹ, Ọ̀yọ́ ni, ìyẹn Yorùbá.

Òótọ́ ni ìyẹn, má sá fún un. Láti nǹkan bí 1730 ni Ìdàhọ̀mì ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́, nǹkan bí 1823 ni Ghezo sì já okùn náà, nígbà tí Ọ̀yọ́ ti ń tú ká nítorí ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní Ìlọrin. Ọ̀yọ́ ta ẹrú. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí mò ń gbé yìí gan-an, ọ̀kan nínú èbúté tí Ọ̀yọ́ ń gbà kó ẹrú jáde ni, pàápàá ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn ilé Àgùdà aláràbarà tí àwọn àlejò ń ya fọ́tò wọn ní ìgboro wa, owó ẹrú wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ díẹ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ti oko ẹrú padà dé láti Bràsíìlì náà kọ́ òmíràn. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ fi mémoire rẹ̀ bu Ìdàhọ̀mì, tí kò sọ ti Ọ̀yọ́, ẹní kejì lòun náà ń tẹ́ yẹn.

Ibi tí fíìmù náà ti kúrò lójú ọ̀nà ni òpin rẹ̀. Nanisca ń rọ ọba pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀ kó máa ta epo pupa, ọba sì gbà. Ghezo gidi, tó jọba láti 1818 sí 1858, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí etíkun rẹ̀ ló tó fọwọ́ sí àdéhùn ní 1852, ó sì tún padà sí òwò náà kó tó kú. Epo pupa náà sì gbilẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹrú ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀. Nípa ikú rẹ̀, ìtàn méjì ló wà: àwọn kan ní ṣọ̀pọ̀ná ló pa á, àwọn kan ní ọta ìbọn ará Kétu ló bá a lójú ogun. Béèrè ti Kétu lọ́wọ́ àwọn àgbà yín kí o tó kọ orí yìí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o kíyè sí. Nanisca àti Nawi, orúkọ àwọn obìnrin gidi ni, àmọ́ wọn kì í ṣe èèyàn 1823. Òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé kan, Jean Bayol, ló rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nanisca ní Àgbómẹ̀ ní 1889. Nawi ni orúkọ arúgbó kan tó kú ní 1979, tó sọ pé òun wà nínú ogun tí wọ́n bá Faransé jà. Ìyẹn ni pé wọ́n mú orúkọ àwọn obìnrin tó wà nígbà ogun Faransé, ogun tí ẹnikẹ́ni lè kẹ́dùn fún, wọ́n sì gbé e wọ ọdún tí ọ̀tá jẹ́ Ọ̀yọ́. Ìwà rere ogun kan ni wọ́n yá fún ogun mìíràn.

Gbogbo èyí lè dẹ ọ́ wò kí o sọ mémoire náà di ìwé àṣìṣe: fíìmù ní báyìí, ìtàn ní báyẹn, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ti ṣe é, kò sì ní sọ ohunkóhun fún wa nípa ìyá àgbà. Ojú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fún ìtàn ìjọba náà. Ohun tí o ń wá ni ìdí tí àyípadà kọ̀ọ̀kan fi wúlò fún fíìmù ìjà, àti irú òǹwòran tí ó ní lọ́kàn.

Ta wá ni òǹwòran náà? Iléeṣẹ́ fíìmù ń rò nípa obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ṣáájú ẹnikẹ́ni, èyí sì hàn: ó pẹ́ tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti ń wo fíìmù ìjà tí kò sí ẹni tó jọ ọ́ nínú rẹ̀ àfi ẹni tí wọ́n tètè pa. Ẹ̀bùn ńlá ni fíìmù yìí fún un, mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Kétu kò sí nínú ìrònú wọn. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ fi níye lórí: ìwọ ń lọ bá òǹwòran tí ẹnikẹ́ni kò pè, tí orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Stuart Hall, onímọ̀ ọmọ Jàmáíkà tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní 1973 pé ohun tí wọ́n gbé sórí tẹlifíṣàn kì í wọ gbogbo èèyàn bákan náà. Ẹnì kan á gbà á bí wọ́n ṣe gbé e wá, ẹnì kan á gba apá kan kó sì bá apá kan jiyàn, ẹnì kan á yí i padà pátápátá. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ máa retí orúkọ yẹn nínú iṣẹ́ rẹ, nítorí náà fi sí i. Àmọ́ ṣọ́ra. Ó rọrùn gan-an láti kó àwọn ọmọ Kétu sínú àpótí kẹta kí o tó bi wọ́n léèrè: "Ìdàhọ̀mì fọ́ ìlú wọn, wọn ò lè fẹ́ràn rẹ̀."

Ìwádìí kan wà tó yẹ kó mú ọ dúró ronú. Ní 1992, JoEllen Shively, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, gbé èsì iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ó mú fíìmù kan láti 1956, The Searchers, èyí tí òṣèré John Wayne ti ń lépa àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì fi han ọkùnrin 20 tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ àti ọkùnrin 20 tó jẹ́ òyìnbó, tí wọ́n jọ ń gbé agbègbè kan náà. Èèyàn á rò pé àwọn ọmọ onílẹ̀ á kẹ́yìn sí i. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn náà fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀yìn John Wayne ni àwọn náà wà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni èyí: lójú àwọn òyìnbó, fíìmù náà sọ bí nǹkan ṣe rí láyé àtijọ́; àwọn ọmọ onílẹ̀ ní irọ́ ni, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn ilẹ̀ gbalasa inú rẹ̀, òmìnira inú rẹ̀, ọkùnrin tí kò sin ẹnikẹ́ni. Wọ́n jókòó sórí ẹní náà, àmọ́ ìdí tí wọ́n fi jókòó yàtọ̀.

Àbúrò rẹ tó ń pàtẹ́wọ́ lè jẹ́ irú èyí. Ó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1886 dáadáa, kó sì máa yọ̀ torí pé fíìmù ìjà tí Amẹ́ríkà ṣe, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n pè nínú rẹ̀, Àgbómẹ̀ àti Wídà tí òun náà ti gun mọ́tò dé. Ó sì lè má mọ̀ nípa 1886 rárá. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì, pàtẹ́wọ́ nìkan kò sì lè sọ ọ́ fún ọ.

Ìyá àgbà ńkọ́? Ohun tó kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn ni mo mọ̀: wọ́n rántí ogun. Ó ṣeé ṣe. Ìyá tó bí wọn lè ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n kó lọ sí Àgbómẹ̀ gan-an, torí lẹ́yìn tí Faransé gba Àgbómẹ̀ ní 1892 ni àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tún Kétu tẹ̀ dó. Àmọ́ bí Nanisca ṣe ń sọ bí wọ́n ṣe fipá bá òun lò pọ̀ wà nínú fíìmù náà pẹ̀lú, àgbàlagbà obìnrin sì lè dìde níbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan Ìdàhọ̀mì rárá. Ẹ̀jẹ̀ inú fíìmù náà lè pọ̀ jù fún wọn. Àkókò ìrun lè ti tó. Wá ìṣẹ́jú tí wọ́n dìde, àbúrò rẹ lè rántí ohun tó ń lọ lójú tẹlifíṣàn nígbà náà. Tí ó bá jẹ́ pé ibi ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ yẹn ni, má bi wọ́n, fi wọ́n sílẹ̀.

Èrò kan wà tí mo fẹ́ kí o gbé lọ bá àwọn àgbà obìnrin mìíràn, kí o dán an wò. Kétu ni ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Láti 2001 ni UNESCO ti kà á mọ́ ogún àwọn èèyàn àgbáyé, àmọ́ ẹ̀yin kò dúró de UNESCO kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, agbára obìnrin hàn kedere, wọ́n sì ń tù ú lójú, wọ́n ń kí i, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́; idà kọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Fíìmù yìí ní obìnrin lágbára nítorí pé ó lè pa èèyàn bí ọkùnrin. Ó ṣeé ṣe kí obìnrin tó ti ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti kékeré wo Nanisca kó má rí agbára tuntun kankan, kó rí obìnrin tí wọ́n gba agbára rẹ̀ fún ọba lò. Ó sì ṣeé ṣe kó gbádùn rẹ̀ gidigidi. Mi ò mọ ìwé kankan tó ti bi wọ́n léèrè. Ìwọ lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Bí o ṣe máa béèrè ṣe pàtàkì ju iye èèyàn tí o bi lọ. Tí o bá ní, "Ṣé ẹ gbádùn fíìmù náà?", gbogbo wọn á ní àwọn gbádùn rẹ̀, torí pé ọmọ wọn ni ọ́, wọn ò sì fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ bàjẹ́. Ní kí wọ́n sọ ìtàn náà fún ẹni tí kò wò ó. Mú ẹnì kan dání tí kò wò ó lóòótọ́, kí ìtàn náà ní ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Fetí sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ látorí Nawi tí bàbá rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, ìtàn ọmọ tó ń wá ìyá ló gbọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ látorí Ọ̀yọ́, ìtàn ogun ìlú sí ìlú ló gbọ́. Fetí sí ẹni tí wọ́n pè ní "àwa" àti ẹni tí wọ́n pè ní "wọ́n", àti ibi tí wọ́n ti yí i padà láìmọ̀. Fetí sí ohun tí wọ́n fò. Lẹ́yìn èyí ni kí o tó fi ìran tí àwọn obìnrin yọ láti inú koríko hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ìran yẹn nìkan, kí o dá a dúró kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kí o ní: "Tí ẹ bá wà létí iná yẹn ńkọ́?" Ìbéèrè yẹn gbé wọn kúrò lórí ẹní tí fíìmù tẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ni ọkàn mémoire rẹ.

Bá àwọn kan sọ̀rọ̀ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, kí o sì kó àwọn kan jọ. Ẹni tó bá dákẹ́ nínú agbo lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tó bá dá wà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní pàtàkì. Èèyàn bíi 15 tó. Kọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe wò ó sílẹ̀: lórí fóònù tàbí tẹlifíṣàn ńlá, ní Faransé tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tàbí ìdajì tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́. Ẹni tó wo ìjà Wídà lórí fóònù níbi tí wọ́n ti ń ta epo, tí oníbàárà ń dá a dúró, kò wo ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó wò ó ní sinimá ní Kútọnù.

Lórí bí ayé ṣe gbà á, má pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 2022, ó pa mílíọ̀nù 19 dọ́là ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì pa bíi mílíọ̀nù 97 ní gbogbo àgbáyé. CinemaScore fún un ní A+, máàkì tó ga jù tí wọ́n ní. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì sọ ohun tí máàkì yẹn jẹ́: àwọn tó wá wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n ń bi léèrè, ìyẹn àwọn tó ti fẹ́ wò ó tẹ́lẹ̀. Lọ́wọ́ kan náà, àwọn ọmọ ẹrú kan ní Amẹ́ríkà ń pè lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹnikẹ́ni má lọ wò ó, torí pé Ìdàhọ̀mì ló ta àwọn bàbá ńlá wọn. Wọn kò pariwo lásán. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wà lára àwọn tí ogun Ìdàhọ̀mì kó ní 1860, tí ọkọ̀ Clotilda sì gbé lọ sí Alabama. Ọmọ Yorùbá ni, àwọn onítàn sì tọ ìlú rẹ̀ dé agbègbè Bantè, lókè Sábẹ̀ níbí. Ó sọ fún Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, ní 1927 àti 1928, bí àwọn obìnrin ajagun ṣe wà lára àwọn tó ya wọ ìlú wọn nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Ìwé tí Hurston fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ kò jáde títí di 2018. Òun àti ìyá àgbà rẹ, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n ti wo ogun yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun wà láàárín wọn.

Nílé wa, fíìmù náà bá ohun mìíràn lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kọkànlá 2021, Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 ti ààfin Àgbómẹ̀ padà, èèyàn sì tò lọ wò wọ́n ní Kútọnù ní 2022. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n ṣí ère obìnrin ajagun tó ga ní mítà 30 ní Kútọnù. Ọ̀sẹ̀ bíi méje lẹ́yìn náà ni fíìmù náà jáde. Nígbà tí àbúrò rẹ fi máa rí Nanisca, ìjọba ti fi hàn án tẹ́lẹ̀ pé obìnrin ajagun ni ojú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí ère náà kí wọ́n tó wo fíìmù. Mo gbà gbọ́ pé ibẹ̀ ni ìdáhùn nípa pàtẹ́wọ́ yẹn fara pamọ́ sí ju inú fíìmù lọ, kí o lọ wádìí rẹ̀ wò.

Ohùn àwọn àgbà, gbà á sílẹ̀ ní Yorùbá Kétu gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí o sì kọ Yorùbá náà sí ẹ̀gbẹ́ Faransé nínú mémoire. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí o yọ ọ́ kúrò. Gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí o tó tan ẹ̀rọ, kí o tún gbà á lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́ ohùn ara wọn, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa ìdílé tí wọ́n kó lọ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọn ò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́: àwọn kan lára àwọn tó ti Àgbómẹ̀ padà mú ìyàwó tàbí ọmọ Fọ̀n wá, àtọmọdọ́mọ wọn sì wà ní Kétu lónìí. Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kọ ojú ìwé kan péré sí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ. Kọ àkọlé tó ní Kétu nínú, kọ ìran inú koríko náà gẹ́gẹ́ bí ìran kan ṣoṣo tí o máa yẹ̀ wò fínnífínní, kọ irú àwọn èèyàn 15 tí o máa bá sọ̀rọ̀, kí o sì so ìwádìí Shively mọ́ ọn. Tí ó bá ṣì ní fíìmù ìjà lásán ni, fi ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, mo máa bá ọ kọ ìdáhùn sí i.